Ooru Ti Rọlẹ̀, Ẹ Jẹ́ Kí A Jáde Síta

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa ní Dubai àti Sharjah, a kí yín kú ewu ooru. Nílé, kò sí ìgbà tí kò ní kíkí tirẹ̀: ẹ kú òjò, ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ kú ọyẹ́. Ṣùgbọ́n a kò tíì rí ẹni tó fún ìgbà tí a wọ̀ yìí ní kíkí. Àwọn ará wa ní London ń pè é ní ìgbà ìwọ́wé. Níhìn-ín, ewé kì í wọ́. Ooru ló ń wọ́ lọ. Nígbà tí àwọn yẹn ń wá ẹ̀wù òtútù, tí wọ́n ń ti fèrèsé, ìgbà náà gan-an ló yẹ kí àwa ṣí ilẹ̀kùn.

Láti oṣù kẹfà títí dé oṣù kẹsàn-án, ooru ọ̀sán a máa kọjá ìwọ̀n 40 Celsius, ọ̀rinrin òkun a sì tún gùn ún lẹ́yìn. Ayé akẹ́kọ̀ọ́ a wá di láti inú ilé sínú bọ́ọ̀sì, láti inú bọ́ọ̀sì sínú kíláàsì, ẹ̀rọ amúlétutù níwájú, ẹ̀rọ amúlétutù lẹ́yìn. Àwọn Lárúbáwá àtijọ́ a máa wo ìràwọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Suhail. Bí ó bá ti yọ ní ìdájí nígbà tí oṣù kẹjọ bá ń parí lọ, wọn a mọ̀ pé agbára ooru fẹ́ dínkù. Kì í lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo o. Ṣùgbọ́n bí oṣù kọkànlá bá fi máa dé, ọ̀sán a ti sọ̀kalẹ̀ sí nǹkan bí 30, alẹ́ a sì tura.

Ohun tó ń kọ wá lóminú ni pé ooru a lọ tán, ọ̀pọ̀ nínú wa kò sì ní jáde. Àwọn kan ní afẹ́fẹ́ tútù inú ilé ni ìgbádùn Dubai. Àwọn mìíràn ní ẹni tí kò ní mọ́tò ló ń fẹsẹ̀ rìn. Àti kékeré sì ni àwọn ìyá wa ti ń pariwo pé kí a kúrò nínú oòrùn. Oòrùn ọ̀sán gangan ni wọ́n ń sọ. Ti òwúrọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ kò burú.

Ẹ jẹ́ kí a wo èrè rẹ̀. Oòrùn tó bá ta sí wa lára ni ara fi ń ṣe fítámínì D, èyí tó ń mú kí egungun le. Àwọn oníṣègùn ti rí i pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ Lárúbáwá yìí ni fítámínì náà kò tó lára wọn, bí oòrùn ibẹ̀ ti pọ̀ tó, nítorí pé inú ilé ni wọ́n ń sá sí. Ti àwa aláwọ̀ dúdú tún le díẹ̀, nítorí ó ń pẹ́ kí awọ wa tó ṣe iye tó yẹ. Oòrùn tó gba ojú dígí fèrèsé wọlé kò sì lè ṣe iṣẹ́ náà. Lọ́nà kejì, ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ ló ń sọ fún ara pé ilẹ̀ ti mọ́, kí oorun lè dé lásìkò lálẹ́. Ẹni tó ń kàwé di aago méjì òru, tí oorun sì sá fún, kí ó gbìyànjú rẹ̀ kó tó ra oògùn. Lọ́nà kẹta, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa fi ó kéré tán 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ ṣe iṣẹ́ tó ń mú ara gbóná. Kí a rìn kánmọ́kánmọ́ fún 30 ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀marùn-ún lọ́sẹ̀, ó parí.

Èyí tó jẹ wá lógún jù ni ti ìdánìkanwà. Ọmọ Yorùbá méjì lè máa gbé ilé àwòṣífìlà kan náà, kí wọ́n má rí ara wọn fún oṣù mẹ́ta. Igi ńlá kan wà ní Sharjah nígbà kan, Rolla ni wọ́n ń pè é, ìbátan igi odán tiwa ni. Abẹ́ rẹ̀ ni ará ìlú ti ń pàdé. Igi náà kú ní 1978, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ni gbogbo àdúgbò náà ń jẹ́ títí dòní. Ẹni tó bá mọ ohun tí abẹ́ odán jẹ́ nílé, kò ní béèrè ìdí rẹ̀.

Ibi tí a lè lọ pọ̀, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Al Mamzar wà ní ààlà Dubai àti Sharjah. Etí ọ̀sà Khalid wà ní Al Majaz. Díráàmù kan péré ni ọkọ̀ onípákó tí wọ́n ń pè ní abra fi ń gbé ènìyàn kọjá láti Deira sí Bur Dubai. Ní Ras Al Khor, ẹyẹ flamingo ẹlẹ́sẹ̀ gígùn a máa pé jọ lọ́pọ̀lọpọ̀ ní ìgbà òtútù. Láti oṣù kìíní 2022, Sharjah ń sinmi láti Friday dé Sunday, Dubai sì ń ṣiṣẹ́ ìdajì ọjọ́ ní Friday. Nítorí náà Saturday àti Sunday bá gbogbo wa mu.

Ṣùgbọ́n kí a fi ọgbọ́n ṣe é. Ẹ mú omi dání, ẹ sá fún ọ̀sán gangan, ẹ má sì ṣe dá nìkan wọ aṣálẹ̀. Kí a sì rántí àwọn òṣìṣẹ́ tí kò rí ibi sá sí ní gbogbo ìgbà ooru. Láti 15 oṣù kẹfà sí 15 oṣù kẹsàn-án, òfin ní kí wọ́n kúrò nínú oòrùn láti 12:30 sí 3:00 ọ̀sán. Ìyókù ọjọ́, orí iṣẹ́ ni wọ́n wà. Bí a bá bá wọn pàdé ní etí omi nísinsìnyí, ẹ kí wọn dáadáa.

Àbá wa nìyí: ní gbogbo Saturday oṣù kọkànlá, ní aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, kí a máa pàdé, ọ̀sẹ̀ kan ní etí ọ̀sà Khalid, ọ̀sẹ̀ kejì ní Al Mamzar, kí a rìn títí oòrùn yóò fi wọ̀. Ẹni tó bá ń bọ̀, kí ó mú ẹnì kan tí a kò tíì rí láti ìgbà ooru dání. Ó di oṣù tó ń bọ̀.