Àtẹ̀jáde Ìpàdé Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́jáde Ọmọ Yorùbá ní Iweka Road, Onitsha

Àwa ọmọ Yorùbá tí a jáde ní yunifásítì, pólì àti kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ lóríṣiríṣi, tí òwò àti iṣẹ́ oṣù gbé wá sí Onitsha, pé jọ sí Iweka Road. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo la fi gbogbo ọ̀sán sọ: báwo la ó ṣe máa ran ilé-ẹ̀kọ́ tó tọ́ wa lọ́wọ́ tí owó wa kò fi ní ṣòfò, tí ilé-ẹ̀kọ́ kò sì fi ní máa rántí wa kìkì nígbà tó bá fẹ́ tọrọ? Ohun tí a fẹnu kò lé lórí nìyí. A fẹ́ kó dé etí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí kò lè wá, kó sì dé ọ́fíìsì àwọn gíwá wa gbogbo.

Ìpàdé kò bo òótọ́ mọ́lẹ̀: inú ọ̀pọ̀ nínú wa kò dùn nígbà tí a ń jáde. Ọ̀pọ̀ àwọn tó wà ní yunifásítì ìjọba lọ́dún 2022 jókòó sílé láti ọjọ́ 14 oṣù Kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá nítorí ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì. Nígbà tí wọ́n wá ń ṣe kíláránsì, wọ́n bá owó ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde lára owó dandan tí wọ́n gbọ́dọ̀ san. Ẹni tí a fipá gbowó lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó di akẹ́kọ̀ọ́jáde, ṣé òun la ó tún máa retí pé kó fi tayọ̀tayọ̀ dáwó lọ́dún kẹwàá? Nítorí náà, ìwé la kọ́kọ́ ń bèèrè. Kí transcript tí ọmọ bá sanwó rẹ̀ jáde lásìkò. Kí ilé-ẹ̀kọ́ máa kọ̀wé sí wa lọ́dọọdún, kó sọ iye tó wọlé, ohun tó fi ṣe, àti ibi tí iṣẹ́ kù sí. Kí owó dandan ọjọ́ kíláránsì dópin.

Àwọn kan nínú ìpàdé bèèrè pé kí ni ti wa nínú ríran ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́, ṣebí láti ọdún 1993 ni ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí gba owó-orí ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, TETFund, àjọ ìjọba tí irú owó bẹ́ẹ̀ wà fún, ń kọ́ ilé, ó sì ń rán olùkọ́ lọ kàwé sí i. Ṣùgbọ́n kì í san owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ tí bàbá rẹ̀ kú ní ìpele kẹta. NELFUND tó bẹ̀rẹ̀ sí yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó lọ́dún 2024 ń gbìyànjú, ṣùgbọ́n gbèsè ni ọmọ náà gbé lọ sílé.

Kí akẹ́kọ̀ọ́jáde máa ran ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ kì í ṣe ohun tuntun. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1821 ni àwọn tó jáde ní Williams College ti dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀. Àwọn ará Yale bẹ̀rẹ̀ ìdáwó ọdọọdún ní 1890. Ṣùgbọ́n ìlú tí a wà yìí náà ní tirẹ̀. Nnamdi Azikiwe, ọmọ Onitsha tó gbọ́ Yorùbá dáadáa, gboyè ní Lincoln University ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1930. Nígbà tó padà sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó ń darí àwọn ọ̀dọ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ náà. Kwame Nkrumah wà lára wọn, ó wọ ibẹ̀ ní 1935. Èèyàn ni Azikiwe fi ta ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ́rẹ. Ní 1938, ẹgbẹ́ àwọn Ibibio kówó jọ, wọ́n sì rán ọ̀dọ́ mẹ́fà lọ kàwé lókè òkun.

A tún wo àwọn Igbo tí a jọ ń ná ọjà. Ọmọ iṣẹ́ yóò sin ọ̀gá fún ọdún mélòó kan, ọ̀gá yóò dá a sílẹ̀ pẹ̀lú owó àti ọjà, kò sì ní pẹ́ tí òun náà yóò fi mú ọmọ mìíràn sọ́dọ̀. Báyìí ni ọjà yìí ṣe gbilẹ̀. Ìpàdé gbà pé ohun tó yẹ kó wà láàárín àwa àti ilé-ẹ̀kọ́ wa nìyẹn. Kí ọmọ ẹgbẹ́ tó bá lágbára mú akẹ́kọ̀ọ́ kan, kó mọ orúkọ rẹ̀ àti ẹ̀ka tó wà, kó sì máa bèèrè èsì rẹ̀.

Orí owó ìpamọ́ ni àríyànjiyàn ti le jù. Àwọn kan ní ká ṣe bíi Harvard, tí owó ìpamọ́ rẹ̀ ju bílíọ̀nù dọ́là 50 lọ, tó ń ná nǹkan bí márùn-ún péré nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, tí ojú owó sì wà níbẹ̀. Àwọn oníṣòwò dáhùn pé dọ́là ni Harvard ń kó jọ. Láti ìgbà tí ìjọba ti tú náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà 2023, ẹni tó ń kó ọjà wọlé láti China mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Náírà tí a bá gbé sí báńkì tí a ń retí èlé rẹ̀ yóò máa yọ́ ni. Àwọn méjèèjì ní òótọ́ lọ́wọ́. Ìpinnu wa ni pé kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa san ₦1,000 lóṣù. A ó fi ìdajì san owó ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tí apá òbí wọn kò ká a lọ́dún náà gan-an, a ó fi ìdajì ra treasury bill ìjọba àpapọ̀. Ẹni mẹ́ta ni yóò máa fọwọ́ sí ìwé báńkì, a ó sì máa ka ìṣirò rẹ̀ sétí gbogbo èèyàn lóṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ẹni tó bá fẹ́ san jù bẹ́ẹ̀ lọ, a kò ní kọ̀, ṣùgbọ́n a kò ní tìtorí rẹ̀ fi í jẹ alága.

Kì í ṣe owó nìkan la ní. Ní oṣù Kẹrin 2024, owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn oníbàárà tí iná wọn ń pẹ́ jù lójúmọ́, fò láti nǹkan bí ₦68 sí ₦225 lórí yúníìtì kan, ọ̀pọ̀ yunifásítì sì ké gbàjarè. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tó ń ta sólà, inverter àti bátìrì ní Iweka Road ti gbà láti tà á fún ilé-ìkàwé àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa ní iye tí wọ́n rà á. Àwọn tó ní ilé-iṣẹ́ àti ṣọ́ọ̀bù àtúnṣe yóò máa gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ SIWES, ètò tó ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ́ṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́. Láti 1973 ni ètò náà ti wà, síbẹ̀ ọmọ ṣì ń fi ẹsẹ̀ wá ibi tí wọn yóò ti gbà á láti kọ́ṣẹ́, nígbà tí àwa wà níbí tí a ń wá ẹni tó mọ iṣẹ́.

Akọ̀wé yóò fi ìwé yìí ránṣẹ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan tí a ti jáde. Lọ́dọ̀ èyí tó bá kọ́kọ́ fèsì pẹ̀lú ìṣirò owó rẹ̀ ni a ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ sólà.

Fún ẹgbẹ́,
Alága àti Akọ̀wé