Nígbà Tí Ẹ̀fọn Dá Ọmọ Bíbí Dúró

Bí tọkọtaya bá ní àwọn kò tíì fẹ́ bímọ, owó ni ọkàn wa kọ́kọ́ máa ń lọ sí. Àjàkálẹ̀ àrùn náà máa ń fà á.

Ní ìparí ọdún 2015, àwọn dókítà ní Pernambuco, lórílẹ̀-èdè Bùràsíìlì, rí i pé ọmọ tuntun tí orí wọn kéré ju bó ti yẹ lọ ti ń pọ̀ jù. Kì í ṣe orí nìkan, ọpọlọ inú rẹ̀ ni kò dàgbà. Àrùn Zika ló fà á. Ẹ̀fọn tó máa ń jẹni lójú ọ̀sán ló ń gbé e kiri. Ẹni tó mú lè rò pé ibà díẹ̀ lásán ni, tàbí kó má tilẹ̀ mọ̀ rárá, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ aláboyún, ó lè ran ọmọ inú rẹ̀.

Ta ni ẹ̀rù kò ní bà? Ní oṣù Kìíní ọdún 2016, ìjọba El Salvador ní kí àwọn obìnrin má lóyún títí di 2018. Ọ̀rọ̀ yẹn kò dùn mọ́ mi nínú. Obìnrin ni wọ́n dojú ọ̀rọ̀ kọ, bẹ́ẹ̀ ọkùnrin lè fi ìbálòpọ̀ kó Zika ran aya rẹ̀. Àbí obìnrin nìkan ló ń dá oyún ní?

Ní Bùràsíìlì, ọmọ tí wọ́n bí ní 2015 lé ní mílíọ̀nù 3. Ní 2016, ó wálẹ̀ sí nǹkan bíi 2,860,000. Ní 2017, nígbà tí ìbẹ̀rù rọlẹ̀, ó tún gòkè díẹ̀. Lójú tèmi, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò kọ ọmọ, wọ́n kàn ń dúró ni. Ṣùgbọ́n ó rọrùn fún olówó láti dúró ju mẹ̀kúnnù lọ. Ẹni tí omi ẹ̀rọ kì í yọ nílé rẹ̀ ń pọn omi sínú àgbá, inú àgbá yẹn náà ni ẹ̀fọn ń yé sí, owó ìfètò-sọ́mọ-bíbí kò sì sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ jọ̀ọ́, bí ìyàwó bá ní òun fẹ́ dúró nítorí àrùn tó ń jà, ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í wo ikùn rẹ̀ láràárọ̀. Ẹ bi í léèrè ohun tí nọ́ọ̀sì sọ fún un.

Irú ẹ̀fọn yìí wà lọ́dọ̀ tiwa náà, òun ló ń gbé ibà pọ́njú. Ẹ máa bo àmù àti àgbá omi, kí ẹ sì máa fi kànìnkànìn ha inú wọn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, nítorí ẹyin rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ ara wọn. Bí ọmọ yín bá ti ìlú tí Zika ti ń jà dé, tó sì ń retí ọmọ, kí ọkùnrin fi oṣù 3 dúró, kí obìnrin fi oṣù 2 dúró. Bí oyún bá ti wà nílẹ̀ kí ọkọ tó dé, kí wọ́n máa lo kọ́ńdọ́ọ̀mù títí ìyàwó yóò fi bímọ.