Ẹ Kọ Agbára Bátìrì Sínú Rìsíìtì

Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé lọ sí kíláàsì ní Ìlọrin. Yunifásítì Al-Hikmah ti wà ní Ẹ́sítéètì Adéwọlé láti ọdún 2005, àwọn ọmọ Unilorin àti Kwara Poly náà sì kún ìgboro. Iṣẹ́ àṣekágbá ò ṣe é kọ lórí fóònù. Bí wọ́n bá dé ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á béèrè RAM, wọ́n á béèrè bí dísìkì ṣe tóbi tó, wọ́n á yí ẹ̀rọ náà síwá sẹ́yìn bóyá ara rẹ̀ ti họ. Ọ̀rọ̀ bátìrì kì í ju gbólóhùn kan lọ: "Ó ń dúró dáadáa." Wọ́n á sanwó, wọ́n á gba rìsíìtì tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ sí nísàlẹ̀ pé ọjà tí a bá ti tà kò ní àbọ̀.

Gbólóhùn yẹn kò tó. Ó yẹ kí iye agbára tó kù nínú bátìrì wà ní kíkọ sínú rìsíìtì láptọ́ọ̀pù kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá tà nílùú yìí.

Kì í ṣe ohun tó ṣòro láti mọ̀. Lórí Windows, kí olùtajà ṣí Command Prompt, kó tẹ powercfg /batteryreport, ẹ̀rọ náà á sì gbé ìwé kan jáde. Níwájú "Design capacity" ni iye agbára tí wọ́n ṣe bátìrì náà mọ́ wà. Níwájú "Full charge capacity" ni èyí tó lè gbà báyìí. Bí ti àkọ́kọ́ bá jẹ́ 48,000 mWh, tí ìkejì jẹ́ 24,000, ìdajì bátìrì ni ẹni yẹn fẹ́ rà. Bátìrì àfarawé lè parọ́ nínú ìwé yìí o. Nítorí náà, kí òǹrajà tún yọ ṣájà, kó fi fídíò sí i fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú níbẹ̀, kó wo bó ṣe ń lọ sílẹ̀.

Bátìrì lithium-ion, irú èyí tí Sony kọ́kọ́ gbé sọ́jà lọ́dún 1991, ló wà nínú láptọ́ọ̀pù òde òní. Ẹni tó lo ìdajì rẹ̀ lónìí, tó rọ ọ́ kún, tó tún lo ìdajì lọ́la, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n kà á sí. Irú ẹ̀ẹ̀kan bẹ́ẹ̀ 300 sí 500 ni ọ̀pọ̀ bátìrì máa ń lò kí àárẹ̀ rẹ̀ tó hàn. Apple ní ti àwọn MacBook òun lè dé 1,000 kó tó wálẹ̀ sí ìdá 80 nínú 100. Ṣùgbọ́n ooru kì í dúró de kíkà. Bátìrì tó kún dẹ́nu, tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún ọdún kan níbi tí ooru ti tó 40°C, nǹkan bí ìdá 65 ni yóò kù nínú agbára rẹ̀, bí ẹnikẹ́ni ò tilẹ̀ lò ó. Bó bá jẹ́ pé ìdá 40 ló wà nínú rẹ̀, yóò ku nǹkan bí ìdá 85. Yàrá onípáànù ní Ìlọrin lóṣù Ẹrẹ́nà kò jìnnà sí ooru yẹn.

Àwọn kan á ní akẹ́kọ̀ọ́ ló ń fọwọ́ ara wọn ba bátìrì jẹ́, pé wọ́n ń fi í sórí iná mọ́jú. Ẹ̀bi yẹn kò tọ́ sí wọn. Ẹni tí kò mọ ìgbà tí ilé-iṣẹ́ mànàmáná IBEDC máa tún mú iná dé, kí ló fẹ́ ṣe ju kó rọ ọ́ kún lọ? Ohun tó wà níkàáwọ́ rẹ̀ ni kó má gbé e lé orí bẹ́ẹ̀dì tí afẹ́fẹ́ ò ti ráyè wọ abẹ́ rẹ̀, kó má sì fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò lọ́sàn-án gangan. Lenovo, Dell àti ASUS tún ní ètò tí kì í jẹ́ kí bátìrì kún tán. Ó dára láwọn ọ̀sẹ̀ tí iná bá ń wá déédéé.

Òfin kò sì dákẹ́. Ní oṣù kìíní ọdún 2019 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà, FCCPA 2018, èyí tó dá àjọ FCCPC sílẹ̀. Abala 131 sọ pé ẹ̀tọ́ oníbàárà ni kí ọjà tó rà dára, kó ṣiṣẹ́, kó sì lálòpẹ́ fún ìwọ̀n àkókò tó bọ́gbọ́n mu. Abala 117 ní kí ẹni tó ń ta ọjà tí wọ́n tún ṣe sọ ọ́ ní gbangba. Abala 118 ló sọ rìsíìtì di dandan. Abala 122 sì fún ẹni tó ti ṣàlàyé ohun tó fẹ́ fi ọjà ṣe láyè láti dá a padà, kó gba owó rẹ̀, bí kò bá wúlò fún nǹkan náà. Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ ọ́ kó tó sanwó pé òun fẹ́ èyí tó lè gbé òun fún wákàtí mẹ́ta nígbà tí kò bá síná. Òǹtẹ̀ "kò ní àbọ̀" kò lágbára ju òfin lọ.

Àwọn olùtajà náà ní ọ̀rọ̀ tiwọn: olówó ọjà ní Computer Village, Ìkẹjà, kò sọ fún wọn, àti pé kò sí bátìrì tòkunbọ̀ tó lè dà bíi tuntun. Òótọ́ ni. Kódà lórí láptọ́ọ̀pù tuntun tó ní wáráńtì ọdún mẹ́ta, ọdún kan ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń fún bátìrì, wọn kò sì ka gbígbó lásán sí àbùkù. Ìdí gan-an nìyẹn tó fi yẹ kí iye tó kù wà ní kíkọ: yóò gba olùtajà náà lọ́wọ́ ẹ̀sùn tí kò tọ́ sí i.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí sì tún wà níbẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2018, HP kéde pé òun ń gba bátìrì bí 50,000 padà, tí òun á sì fi òmíràn rọ́pò wọn lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí pé wọ́n lè gbóná kí wọ́n gbiná. ProBook 640 G2 wà lára àwọn ẹ̀rọ tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Ẹni tó kọ́kọ́ ra ẹ̀rọ náà ni irú ìkéde bẹ́ẹ̀ ń bá. Nígbà tó bá fi wọ kọ̀ǹténà wá sí Nàìjíríà, kò sẹ́ni tó ń béèrè nípa ìkéde náà mọ́. Kí olùtajà wo nọ́ńbà bátìrì lórí wẹ́ẹ̀bù ilé-iṣẹ́ tó ṣe é kó tó tà á. Èyí tó bá ti wú, kó má tà á rárá, kí ẹnikẹ́ni má sì gún un.

Lọ́wọ́lọ́wọ́, láptọ́ọ̀pù méjì tó jọra, tí bátìrì ọ̀kan ku ìdá 90, tí ti èkejì ku ìdá 40, iye kan náà ni wọ́n sábà ń pè wọ́n. Kí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Al-Hikmah, Unilorin àti Kwara Poly pe àwọn olùtajà jókòó kí sáà tuntun tó wọlé, kí wọ́n fẹnu kò sórí ìlà kan péré nínú rìsíìtì: iye tí wọ́n ṣe bátìrì mọ́, iye tó kù, àti ọjọ́ tí wọ́n wò ó.