Ẹ Má Fi Ìbínú Ọ̀ṣun Bojú

Mo júbà Yèyé, olómi tútù tí í fi omi ṣe ìwòsàn.

Lọ́dọọdún, bí odò bá ti kún bo ilé, ọ̀rọ̀ kan náà ni a ń gbọ́ láàárín àwa oníṣẹ̀ṣe: "Òrìṣà ń bínú." Bí ọ̀dá bá dé tí odò fà, ọ̀rọ̀ náà ni. A ó dá owó ètùtù, a ó rú u, a ó tú ká. N kò jiyàn pé inú Yèyé bàjẹ́. Ohun tí mo lòdì sí ni pé a ti sọ ìbínú òrìṣà di aṣọ tí a fi ń bo iṣẹ́ ọwọ́ wa.

Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ kò fara sin. Èéfín èédú, epo rọ̀bì àti gáàsì tí aráyé ń sun ti ká ooru mọ́ ayé. Afẹ́fẹ́ tí ó gbóná a sì máa gbé omi ju èyí tí ó tutù lọ: bí ó bá fi ìwọ̀n Celsius 1 gbóná sí i, agbára rẹ̀ láti gbé omi a fi nǹkan bí ìdá 7 nínú 100 pọ̀ sí i. Nítorí náà, òjò tí ìbá rọ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan a dà lulẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ilẹ̀ kò ráyè mu ún, odò ni ó gba gbogbo rẹ̀. Lọ́dún 2022, ìkún omi pa ènìyàn tí ó lé ní 600 ní Nàìjíríà, ó sì lé àwọn tí ó ju mílíọ̀nù kan lọ kúrò nílé.

Àwọn ẹ̀dá inú omi kò sì lẹ́nu tí wọn yóò fi sunkún. Ẹja àrọ̀ a máa dúró de omi òjò tuntun kí ó tó lọ yé ẹyin sí etí odò tí omi bò. Bí omi bá kún tí ó sì fà lójijì, ẹyin a gbẹ sórí koríko. Bí omi bá gbóná, èémí tí ẹja ń mí nínú rẹ̀ a dín kù. Olómi tútù ni à ń pe Yèyé: ta ni ó ń sọ omi rẹ̀ di gbígbóná?

Ẹnìkan á ní, "Àwọn òyìnbó ni wọ́n dá iná náà." Òótọ́ ni. Èéfín tí gbogbo Áfíríkà ń tú jáde kò tó ìdá 4 nínú 100 ti ayé. Kí á bèèrè gbèsè yìí lọ́wọ́ wọn láìfi ohùn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n èéfín òyìnbó kọ́ ni ó gbé àáké wọ igbó etídò. Òun kọ́ ni ó ń wa góòlù ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tí omi Ọ̀ṣun fi pọ́n bí ẹrẹ̀. Òun kọ́ ni ó ń da ọ̀rá omi sí bèbè lọ́jọ́ ọdún Ọ̀ṣun. Àwa ni.

Àwọn baba wa ti fi ọgbọ́n lélẹ̀. Nínú igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, hẹ́kítà 75, èèwọ̀ ni igi gígé, ẹja pípa àti ọdẹ ṣíṣe. Òjìji igi ń mú omi tutù; gbòǹgbò ń di ilẹ̀ bèbè mú; ewé tí ó ń já bọ́ ń bọ́ kòkòrò tí ẹja ń jẹ. Adùnní Olórìṣà, Susanne Wenger, dúró ti àwọn aláwòrò lòdì sí àwọn agégi àti àwọn tí ń ta ilẹ̀. Ní 2005, àjọ UNESCO fọwọ́ sí i pé ogún gbogbo ayé ni igbó náà.

Ṣùgbọ́n Ọ̀ṣun kò bẹ̀rẹ̀ ní Òṣogbo, kò sì parí síbẹ̀. Láti Ìgèdè-Èkìtì ni ó ti ń bọ̀, ó ń kọjá ní Aṣéjírẹ tí Ìbàdàn ti ń pọn omi mu, kí ó tó wọ ọ̀sà. A kò lè pa èèwọ̀ mọ́ ní ojúbọ kí á tẹ̀ ẹ́ lójú ní ìlú kejì.

Nítorí náà, mo pè yín níjà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ oníṣẹ̀ṣe gbogbo. Kí ojúbọ kọ̀ọ̀kan gba bèbè tirẹ̀, kí ó gbin igi ìbílẹ̀ sí i. Kí ẹja di èèwọ̀ lásìkò tí ó ń yé ẹyin. Ewé àti igbá ni kí á fi gbé ẹbọ lọ sódò, kí ọ̀rá má tẹ̀lé wa. Kí á sì tọ àwọn ọba wa lọ nítorí àwọn tí ń wa góòlù.

Ètùtù tí kò bá ìwà rìn, oúnjẹ àwọn eèrà lásán ni.

Ìṣẹ̀ṣe làgbà. Oore yèyé o!