Ẹni Tó Ń Tún Ẹ̀rọ Ṣe Náà Ń Gba Ẹ̀mí Là

Gbogbo ìgbà tí orúkọ àwọn tó wọlé sí yunifásítì bá jáde, ẹ máa gbọ́ ọ: "Medicine ni mo fẹ́ o, Biomedical Engineering ni wọ́n fún mi." Ẹni tó ń sọ ọ́ á fajú ro, bí ẹni tí wọ́n ju eegun sí níbi táwọn yòókù ti ń jẹ ẹran. Àwọn òbí pàápàá ò ní mọ̀ bóyá kí àwọn bá a yọ̀ tàbí kí àwọn bá a kẹ́dùn.

Èrò tèmi rèé: ìmọ̀ ẹ̀rọ ìṣègùn kì í ṣe àjẹkù Medicine. Nílùú bíi tiwa, ẹni tó lè tún ẹ̀rọ ilé ìwòsàn ṣe, tó sì lè ṣe èyí tó bá wa mu, wúlò bíi dókítà. Ṣùgbọ́n ó di ìgbà tí a bá fọwọ́ kọ́ ọ, kì í ṣe ìwé nìkan.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí àtúnṣe. Ní 2011, Perry àti Malkin gbé ìwádìí kan jáde nípa ẹ̀rọ ilé ìwòsàn ní orílẹ̀-èdè 16 tí owó ò ti fi bẹ́ẹ̀ wà. Nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀rọ, bíi 40 ni ò ṣiṣẹ́. Ìwádìí mìíràn tí Malkin náà ṣe fi hàn pé ó ju ìdajì àwọn tó bàjẹ́ lọ tó ṣe é tún ṣe pẹ̀lú ohun tó wà ládùúgbò àti ìmọ̀ tí ò le rárá.

Ẹ wo ẹ̀rọ ọ́síjìn. Ó ń fa afẹ́fẹ́ inú yàrá wọlé, ó ń yọ náítrójìn kúrò, ó sì ń fi ọ́síjìn tó kù ránṣẹ́ sí imú aláìsàn. Ó ní asẹ́ kan tó ń gba eruku. Tí ọyẹ́ bá dé, eruku á dí i kíákíá. Bí ẹnikẹ́ni ò bá fọ̀ ọ́, ẹ̀rọ á máa gbóná, ọ́síjìn tó ń mú jáde á máa dín kù, títí wọ́n á fi sọ pé ó ti bàjẹ́. Ẹ̀rọ olówó ńlá, omi àti ọṣẹ ló ń wá!

Àtúnṣe nìkan kọ́ o. Ẹni tó ṣe ẹ̀rọ ló ń pinnu ara ẹni tó máa bá mu. Ṣé ẹ rántí ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há ìka nígbà Kòrónà, tó ń sọ bí ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ ṣe pọ̀ tó? Ìmọ́lẹ̀ ló ń tàn gba inú ìka kọjá láti wo àwọ̀ ẹ̀jẹ̀. Àmọ́ awọ ara tó dúdú náà máa ń gbé lára ìmọ́lẹ̀ yẹn mì. Ní 2020, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Michigan l'Amẹ́ríkà rí i pé ẹ̀rọ yìí ń sọ pé ọ́síjìn tó nígbà tí kò tó, àti pé lára àwọn aláìsàn aláwọ̀ dúdú, àṣìṣe yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti àwọn aláwọ̀ funfun. Àwa la ni awọ yìí. Ta ló yẹ kó kọ́kọ́ béèrè bóyá ẹ̀rọ náà mọ̀ wá?

Àpẹẹrẹ rere wà nílé. Ẹ̀dọ̀fóró ọmọ tí oṣù rẹ̀ ò pé máa ń fẹ́ lẹ̀ pọ̀ mọ́ra. Ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń pè ní bubble CPAP: ó ń ti afẹ́fẹ́ gba imú ọmọ wọlé, wọ́n á sì ki ìdí rọ́bà kejì bọ inú ìgò omi. Bí rọ́bà yẹn bá ṣe wọnú omi tó ni agbára tó ń la ẹ̀dọ̀fóró sílẹ̀ ṣe máa tó. Ọ̀jọ̀gbọ́n Hippolite Amadi, ọmọ Nàìjíríà tó jẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ ìṣègùn, ṣe èyí tí owó rẹ̀ ò ga ju ohun tí ilé ìwòsàn wa lè rà lọ. Ní 2023, iṣẹ́ yìí wà lára ohun tó mú un gba ẹ̀bùn Nigeria Prize for Science.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ: "Iṣẹ́ dà?" Òótọ́ ni. Wọ́n á ra ẹ̀rọ tuntun, wọ́n á ya fọ́tò, wọn ò ní gba ẹni tó máa tọ́jú rẹ̀ síṣẹ́. Ìjọba ní láti yí ìyẹn padà: tí wọ́n bá ń ṣètò owó ẹ̀rọ, kí owó oṣù ẹni tó máa tún un ṣe wà níbẹ̀. Àwọn yunifásítì náà ní ẹ̀bi tiwọn. Kò yẹ kí èèyàn gboyè jáde láìtíì fọwọ́ ara rẹ̀ tú ẹ̀rọ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru kan wò.

Ẹ̀yin tí wọ́n "fún" ní kọ́ọ̀sì yìí, yálà l'Ílọrin tàbí l'Ékòó, tí àsìkò IT bá tó, ẹ má torí AC lọ jókòó sí báǹkì. Ẹ wá ilé ìwòsàn lọ. Ẹ bá nọ́ọ̀sì àgbà, kí ẹ sọ pé: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, èwo nínú ẹ̀rọ yín ni ò ṣiṣẹ́ mọ́?" Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ iṣẹ́ dúró tì yín bí ẹ ṣe ń tú u. Ọjọ́ tí ọ̀kan bá tún dún, tí wọ́n sì tì í lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì aláìsàn, ẹ ò ní bi ara yín mọ́ bóyá Medicine ló yẹ kẹ́ ẹ kà.