Tútùọlá Kò Dúró De Gẹ̀ẹ́sì Tó Dán

Bí ọ̀dọ́ kan bá sọ pé òun fẹ́ di òǹkọ̀wé, ayàwòrán tàbí onífíìmù, ọ̀rọ̀ tó sábà máa ń tẹ̀ lé e ni pé nǹkan ò tíì pé. Kámẹ́rà ò tíì dáa tó. Owó ò tíì sí. Gẹ̀ẹ́sì ẹnu ò tíì dán, ẹni tó máa ti èèyàn lẹ́yìn ò sì tíì yọjú. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, ẹni tó bá ń gbé Nàìjíríà mọ̀ pé wọn ò purọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà kù sí ni èrò pé ìgbà tí gbogbo nǹkan bá pé ni iṣẹ́ máa tó bẹ̀rẹ̀. Ìgbésí ayé òǹkọ̀wé Amos Tútùọlá fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ọdún 1920 ni wọ́n bí Tútùọlá, nítòsí Abẹ́òkúta. Àgbẹ̀ oníkòkó ni àwọn òbí rẹ̀, apá wọn ò sì ká owó ilé-ìwé. Láti kékeré ló ti lọ ń ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ fún ọkùnrin Ígbò kan, tó ń san owó ilé-ìwé rẹ̀ dípò owó iṣẹ́. Ilé-ìwé Salvation Army ní Abẹ́òkúta ni wọ́n fi í sí. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú ní 1939, ẹ̀kọ́ ìwé parí síbẹ̀. Ó kọ́ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, ó sì fi ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ogun tán, iṣẹ́ náà tán. Ní 1946, ó rí iṣẹ́ mẹ́séńjà sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní Èkó.

Mẹ́séńjà tí wọn ò bá rán níṣẹ́, ìjókòó ni tirẹ̀. Ìjókòó yẹn ni Tútùọlá sọ di iṣẹ́. Ó mú pẹ́ńsù àti bébà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn ọ̀mùtí kan tí adẹ́mu rẹ̀ já bọ́ lórí ọ̀pẹ tó sì kú, tí ọ̀mùtí náà wá wá a lọ sí ìlú àwọn òkú. Ìwé tó ń jẹ́ The Palm-Wine Drinkard nìyẹn. Nígbà tó parí rẹ̀, kò mọ ẹnikẹ́ni nídìí ìwé títẹ̀. Àdírẹ́sì tó rí nínú ìwé ìròyìn ló fi ránṣẹ́ sí. Láti ibẹ̀ ni ìwé náà ti dé ọwọ́ Faber and Faber ní London, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1952.

Ó yẹ kí á sún mọ́ ìwé náà dáadáa, torí inú rẹ̀ ni ẹ̀rí wà. Ọ̀mùtí yìí ní oko ọ̀pẹ tó jẹ́ 560,000 igi. Kẹ́ẹ̀gì ẹmu 150 ni adẹ́mu ń dá láràárọ̀. Kí aago méjì ọ̀sán tó lù, ọ̀gá ti mu gbogbo rẹ̀ tán, adẹ́mu á tún dá 75 mìíràn nírọ̀lẹ́. Lójú ọ̀nà, òun àti ìyàwó rẹ̀ ta ikú wọn ní pọ́n-ùn 70, ṣílè 18 àti kọ́bọ̀ 6, wọ́n sì fi ẹ̀rù wọn yáni pẹ̀lú èlé pọ́n-ùn 3 àti ṣílè 10 lóṣù. Níbo ni irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ti wọ inú igbó àwọn iwin? Ọ́fíìsì ni. Ìtàn tí àwọn àgbà ń pa lóko ló bá aago àti ìwé owó ìjọba pàdé nínú orí ọkùnrin kan tó mọ ibi méjèèjì. Iṣẹ́ tí àwọn kan máa kà sí ìdíwọ́ fún òǹkọ̀wé ló fún ìwé náà ní adùn tí kò sí níbòmíràn. Ọmọ yunifásítì kan lè má rí i rárá, nítorí wọn ò ní rán an ní fáìlì.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ tí kò dán ṣe rí. Àwọn kan á sọ pé ẹni tí kò rí àdán ló fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Ti Tútùọlá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀nà tí Yorùbá ń gbà sọ̀rọ̀ ló fi kọ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì bò ó mọ́lẹ̀. Àwọn tó tẹ ìwé náà fi ojú ewé kan hàn láti inú ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀, pẹ̀lú àtúnṣe díẹ̀ tí wọ́n ṣe sí i. Púpọ̀ nínú gbólóhùn rẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ìyìn kọ́kọ́ ti òkèèrè wá. Dylan Thomas, akéwì ọmọ ilẹ̀ Wales, kọ̀wé yìn ín nínú Observer ní 1952, Raymond Queneau, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Faransé, sì túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Faransé ní 1953. Nílé, ojú ń ti àwọn ọ̀mọ̀wé. Wọ́n ń kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn West Africa pé èdè yẹn kò kúnjú òṣùwọ̀n, pé ó máa jẹ́ kí òyìnbó fojú ọ̀bùn wò wá. Àwọn mìíràn ní Fágúnwà ló ń wò kọ, òǹkọ̀wé Yorùbá tó ti gbé ìwé ìtàn Ògbójú Ọdẹ jáde ní 1938. Ìbẹ̀rù wọn yé èèyàn: abẹ́ ìjọba òyìnbó la wà nígbà yẹn. Síbẹ̀, ó le fún ọmọ tálákà tó jẹ́ pé àwọn ará ilé rẹ̀ gan-an ló ń bu ẹnu àtẹ́ lu ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe.

Kí ló ṣe? Ó gbé ìwé kejì jáde ní 1954, ẹ̀kẹta ní 1955, ó sì ń kọ lọ títí di 1990. Ó gba ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́ lọ láti tún Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ṣe. Ẹ ò rí i pé ìgbàgbọ́ nínú ara ẹni kì í ṣe etí dídi: ó gbà pé òun ní ohun láti kọ́, àmọ́ kò gbà pé kí òun dákẹ́ dìgbà tí òun bá kọ́ ọ tán. Kò sì fi iṣẹ́ oṣù sílẹ̀. Láti 1956, olùtọ́jú sítóò ni ní ilé iṣẹ́ rédíò ìjọba ní Ìbàdàn, nígbà tí àwọn tó wà ní Paris ti ń ka ìwé rẹ̀. Kí ẹni tó ń ta káàdì fóònù lọ́sàn-án, tó ń kọ̀wé lálẹ́, má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé òun kì í ṣe òǹkọ̀wé.

Irú ọkàn kan náà ni Hubert Ògúnńdé, òṣèré ìtàgé, ní. Ọlọ́pàá ni nígbà tó gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1944. Nígbà tí ìjọba ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà fòfin de ẹgbẹ́ eré rẹ̀ ní 1964 nítorí eré rẹ̀ Yorùbá Ronú, ó fi eré mìíràn, Òtítọ́ Korò, fèsì. Ìjọba ológun ló mú òfin náà kúrò ní 1966.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọ̀rọ̀ yìí yin ìṣẹ́ o. Ebi kò kọ ìwé kankan rí. Iye ọmọ tó ní ẹ̀bùn bíi ti Tútùọlá tí ìyà pa ohùn wọn mọ́ wọn lẹ́nu kò ṣeé kà, ìjọba tó bá sì ti ilé ìkàwé pa kò gbọ́dọ̀ fi ìtàn mẹ́séńjà kan ṣe àwáwí. Àìní kan ni a ò lè dá yanjú. Òmíràn wà tó jẹ́ pé a lè fi ṣiṣẹ́. Ọgbọ́n ni kí èèyàn mọ ìyàtọ̀ wọn.

Nígbà tó yá, àwọn ará ilé náà wá mọyì iṣẹ́ Tútùọlá. Ní 1963, òṣèré ìtàgé Kọ́lá Ògúnmọ́lá gbé ìtàn ọ̀mùtí náà sórí ìtàgé ní Yorùbá ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ní 1977, yunifásítì yẹn kan náà ni òǹkọ̀wé Chinua Achebe ti sọ àsọyé láti fi ìjìnlẹ̀ inú ìwé náà hàn. Ọdún 25 ti kọjá lórí ìwé náà nígbà yẹn.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti òbí, bí ọmọ bá gbé ohun tó kọ wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé òpin kí ẹ tó mú bírò pupa. Ẹ̀yin tí iṣẹ́ yín wà nínú fóònù tí ẹ ò tíì fi han ẹnikẹ́ni, ẹ parí rẹ̀, kí ẹ sì wá àdírẹ́sì tí ẹ máa fi ránṣẹ́ sí.