Òjò Ṣú, Ẹ Má Da Omi Agbada Nù

Bí ẹ bá wà lára àwa tó fẹ́ràn géèmù ogun tí wọ́n ń pè ní RTS, ẹ ó ti gbọ́ pé Dawn of War IV ń bọ̀. Oṣù kẹjọ ọdún 2025 ni wọ́n kéde rẹ̀, wọ́n sì ní ọdún 2026 ni yóò jáde. Láti ìgbà náà ni inú ọ̀pọ̀ wa ti ń dùn bí ọmọ tó rí ẹran ọdún.

Fún ẹni tí kò mọ̀, RTS kò dà bí ayò ọlọ́pọ́n, níbi tí ẹnì kan máa ń dúró kí ẹnì kejì ta tirẹ̀ tán. Ìwọ àti ọ̀tá rẹ jọ ń kọ́lé, ẹ jọ ń kó ọmọ ogun jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Bí o bá fi ìṣẹ́jú kan tòògbé, ìlú rẹ ti tú.

Inú tèmi náà dùn, àmọ́ ojú wa ti rí nǹkan. Relic ló ṣe Dawn of War àkọ́kọ́ ní 2004 àti ìkejì ní 2009. Nígbà tí ìkẹta jáde ní 2017, wọ́n ti mú nǹkan láti inú àwọn géèmù bíi Dota wọ inú rẹ̀. Àwọn ọmọ Dota kò kúrò nídìí Dota wọn, inú àwa àtijọ́ kò sì dùn. Kò tó ọdún kan tí Relic fi sọ pé àwọn kò ní ṣe àfikún ńlá kankan sí i mọ́.

Ẹ rántí Warcraft III: Reforged. Ohun tí Blizzard fi hàn wá ní 2018 kọ́ ni a rí nígbà tó jáde ní oṣù kìíní 2020. Wọ́n tọrọ àforíjì, wọ́n sì dá owó padà fún àwọn tó béèrè. Stormgate ńkọ́? Àwọn tó ti ṣiṣẹ́ lórí StarCraft II ló wà nídìí rẹ̀. Àwọn olólùfẹ́ dá owó tó lé ní mílíọ̀nù 2 dọ́là fún wọn lórí Kickstarter. Ní 2024 wọ́n gbé e jáde láìtíì parí, kò sì pẹ́ tí ọ̀pọ̀ fi kúrò nídìí rẹ̀.

Àwa náà jẹ̀bi. Ìrántí ìgbà èwe la fi ń sanwó, kì í ṣe ohun tí a rí. Fún akẹ́kọ̀ọ́ tí owó oúnjẹ àti owó dátà rẹ̀ ń bá ara wọn jà, ọgbọ́n kọ́ nìyẹn.

Ẹnìkan lè sọ pé bí a kò bá tètè sanwó, wọn kò ní ṣe RTS mọ́. N kò gbà. Kí Tempest Rising tó jáde ní oṣù kẹrin 2025, wọ́n jẹ́ kí a tọ́ ọ wò lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá dùn mọ́ á rà á, ẹni tí kò bá dùn mọ́ á gba ibòmíràn lọ. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

King Art, ilé-iṣẹ́ Jámánì tó ṣe Iron Harvest, ló ń ṣe Dawn of War IV. Wọ́n ní ilé kíkọ́ àti ogun ńlá bíi ti àkọ́kọ́ yóò padà wá. Ìlérí náà dùn mọ́ mi, àmọ́ owó mi wà lápò títí n ó fi rí i pé ẹni tó bá ń dá nìkan gbá a náà yóò gbádùn rẹ̀.

Àwọn àgbà ní a kì í tìtorí òjò tó ṣú da omi inú agbada nù. Láti 1999 ni Age of Empires II ti wà, àwọn èèyàn ṣì ń gbá a títí dòní. Omi agbada tiwa nìyẹn. Bí òjò náà bá rọ̀, a ó jọ gbé igbá síta. Bí kò bá rọ̀, òùngbẹ kò ní gbẹ wá.